Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé ní Ìbàdàn àti Agbègbè Rẹ̀

A kọ ìwé yìí fún àgbẹ̀ tó ti fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó kòkó tàbí owó ẹ̀gẹ́, fún oníṣẹ́ ọwọ́, àti fún tọkọtaya tó ti sú láti máa kó ẹrù láti ilé àyágbé kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n wá fẹ́ ra ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé ń náwó díẹ̀díẹ̀, bí nǹkan bá sì fẹ́ wọ́, ó lè dáwọ́ dúró kó ronú. Ẹni tó ń ra ilé ń kó owó ogún ọdún lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ìwádìí ṣáájú owó: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilé náà, kí ẹ sì fojú ara yín rí ilé náà nígbà òjò, kí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kó sí wàhálà kò ra ilé lọ́wọ́ àjèjì. Ọmọ ilé ló tà á fún wọn. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn jẹ́ ọmọ ilé, ọ̀tọ̀ ni kó lágbára láti ta ilé. Bí bàbá kan bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ pé àṣà ìbílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n máa fi pín ogún rẹ̀, ilé rẹ̀ ti di ilé ẹbí, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin jọ ni. Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, lè di olórí ẹbí, àmọ́ ìtọ́jú ilé ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, wọn kò fún un ní ilé.

Láti ọdún 1959 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà ti là á mọ́lẹ̀ pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta dúkìá ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, àwọn tí kò fọ̀rọ̀ náà lọ̀ lè lọ sí kóòtù láti yí i padà. Nílé olórogún, ìdí-igi ni a sábà fi ń pín ogún, tó fi jẹ́ pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan. Bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́ta, ìdí mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kódà bí ìdí kan kò bá ní ju ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ.

Àbúrò ìyá mi ra ilé oníyàrá mẹ́jọ lọ́wọ́ Dáwódù kan àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. Ìyá kan náà ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Oṣù kẹrin tó kó wọlé ni àwọn ọmọ ìyàwó kẹta dé. Wọn kò pariwo, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, obìnrin kan tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọwọ́ sí yàrá kejì lápá òsì, ó ní, "Yàrá ìyá wa nìyẹn. Ta ló tà á?" Ọdún mẹ́fà ni wọ́n lò ní kóòtù. Nígbà tí wọ́n máa fi parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí, àbúrò ìyá mi ti tún san owó mìíràn fún ìdí kẹta, láìka owó lọ́yà mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ìyàwó mélòó ni bàbá yín fẹ́?", bóyá ìbéèrè kan yẹn ì bá ti gbà á là.

Nítorí náà, ẹ béèrè, ẹ má sì tijú. Bí ẹnì kan nínú ìdí kan bá wà ní London tàbí ní Houston, kí wọ́n pè é lórí fóònù níṣojú yín, kó sì fi ìwé tó fọwọ́ sí ránṣẹ́. Ẹ lọ kí Mọ́gàjí agbo ilé náà àti àwọn àgbà tó wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní kọ sínú ìwé, wọn á sọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ pé olóògbé ṣe ìgbéyàwó alárédè, tàbí tó fi ìwé ìhágún sílẹ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga fún àwọn tó ń bójú tó dúkìá rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé orúkọ àwọn tó ń tà á fún yín ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ní láti ṣọ́ra gidigidi fún ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ oko. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀ kó lè máa dáko, lè ni kòkó orí ilẹ̀, ó sì lè ti kọ́lé síbẹ̀ láti ayé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀ tó lè tà. Ẹ tọpasẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ má jẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ wá ẹni tó kọ ọ́. Ìjà ẹbí ló sábà ń wà nídìí rẹ̀, nígbà mìíràn ẹjọ́ ti wà ní kóòtù, ẹni tó bá sì ra dúkìá tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ti ra ẹjọ́ náà mọ́ ọn. Àmì ọ̀dà pupa tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fi sára ilé tún le ju ìyẹn lọ, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ wó o.

Ìwé ilé

Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ wà, ó sì ń bójú tó o fún àwọn aráàlú. Ohun tí ẹ ń rà ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ náà tó lè kọjá láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Owó wà níbẹ̀, ó sì máa ń pẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò ó. A kò gbà yín níyànjú láti fò ó.

Ìwé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí C of O (Certificate of Occupancy), ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ ẹni lórí ilẹ̀, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí kò ni ilẹ̀ di onílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wá fi hàn ní kóòtù pé òun ló ni ilẹ̀ náà ṣáájú kí wọ́n tó fún olùtajà ní C of O, ìwé náà lè di asán. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Sẹkitéríàtì ní Agodi, kí lọ́yà yín wá fáìlì rẹ̀ jáde, kó wò ó bóyá orúkọ olùtajà ló wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún gbèsè báńkì, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ̀wé tako títà rẹ̀. Lọ́yà yín ni mo sọ. Lọ́yà kan náà kò yẹ kó máa ṣojú fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó.

Sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tó fi ààlà rẹ̀ hàn, náà ṣe pàtàkì. Awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ ni kó bá yín wá àwọn òpó ààlà tí nọ́ńbà wà lórí wọn, kó wọn ilẹ̀ náà, kó sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ti ìpínlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà fún ọ̀nà, fún ilé ìwé tàbí fún iṣẹ́ mìíràn. Ní agbègbè tí wọ́n ti ń la ọ̀nà ńlá, ẹ má ṣe fi ìyẹn jáfara rárá.

Ẹ wo ilé náà nígbà òjò

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó sì gbé ènìyàn àti dúkìá lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ó wó afárá, ó sì pa ju 100 ènìyàn lọ nílùú Ìbàdàn kan náà. Oṣù Kẹjọ ni méjèèjì. Ilé tí ẹ bá wò nígbà ọyẹ́ kò tíì sọ gbogbo òótọ́ ara rẹ̀ fún yín.

Mo tẹ̀lé tọkọtaya kan lọ wo ilé kan nítòsí odò. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń rùn, táìsì ilẹ̀ sì ń dán. Mo ní kí wọ́n bá mi ti kọ́bọ́ọ̀dù kan kúrò lára ògiri. Ọ̀dà tuntun kò dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà kan tó pọ́n bí ilẹ̀ wà níbẹ̀, ó ga tó orúnkún mi, ó sì tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Nísàlẹ̀ ìlà náà, sìmẹ́ńtì ti wú, ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ sì ń já bọ́ nígbà tí mo fi èékánná họ ọ́. Ìyàwó náà wò ó títí, ó wá rọra ti kọ́bọ́ọ̀dù náà padà síbi tó wà. Wọn kò ra ilé náà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹ ti ẹrù kúrò, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo àjà bóyá òjò ti ya àwòrán sí i, ẹ gbóòórùn inú yàrá tí wọ́n ti tì pa. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ padà lọ láìsọ fún ẹ́jẹ́ǹtì, kí ẹ sì bi ìyá tó ń ta nǹkan níwájú ilé léèrè ibi tí omi ń dé. Ìsán tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Èyí tó ń dẹ́rù bani ni ìsán tó dagun láti igun fèrèsé lọ sísàlẹ̀, pàápàá bí igi ìṣáná bá lè wọ inú rẹ̀. Ẹ mú ẹnjiníà lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má fi mọ sí bíríkìlà nìkan.

Láwọn àdúgbò àtijọ́ nílùú wa, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò lára. Ẹ fi ìka kan ògiri: ohùn amọ̀ wúwo, kò dún bí ti búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú. Mi ò sọ pé kí ẹ má ra ilé amọ̀, nítorí àwọn baba wa gbé inú rẹ̀ pẹ́, ó sì tutù, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ilé búlọ́ọ̀kù lé e lórí, kí ẹ sì rí i pé omi kì í rọ́ sí ìdí ògiri rẹ̀.

Ní ti omi mímu, kànga tó bá wà lórí àpáta máa ń gbẹ ní oṣù Kejì àti Kẹta, nítorí náà ọ̀rọ̀ kànga nìkan ni ẹ lè wádìí dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó yẹ kí kànga àti sọ́kàwé, ìyẹn ihò tí omi ẹ̀gbin ilé ń rọ́ sí, jìnnà síra wọn tó 30 mítà. Pulọ́ọ̀tì ọlọ́gọ́rùn-ún fíìtì sí àádọ́ta tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa gùn tó 30 mítà péré, ó sì fẹ̀ tó 15, nítorí náà ẹ yọjú wo òdìkejì fẹ́ǹsì pẹ̀lú: sọ́kàwé aládùúgbò lè sún mọ́ kànga yín ju tiyín lọ. Ẹ tún béèrè gbèsè iná tó wà lórí mítà.

Owó àti ìwé àdéhùn

Ẹ má kó gbogbo owó yín lé iye tí wọ́n pe ilé. Owó lọ́yà, awọnlẹ̀, ẹ́jẹ́ǹtì, ìfọwọ́sí gómìnà àti àtúnṣe ṣì wà níwájú. Lójú tèmi, ó yẹ kí ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ẹ ní ṣì wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ má sì ta oko tó ń bọ́ yín nítorí ilé. Bí ẹ bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó bọ́ sí ìgbà tí kòkó bá ti jáde, láti oṣù Kẹwàá sí Kejìlá, kì í ṣe oṣù Keje tí owó ti tán nílé àgbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn bí wọ́n ṣe máa dá owó yín padà bí ọ̀rọ̀ bá yí. Ẹni tó bá ń dá owó sí National Housing Fund, ìyẹn àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí owó ìdásí rẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lóṣù, lè béèrè owó ilé láti Federal Mortgage Bank of Nigeria nípasẹ̀ báńkì tó ń yáni lówó ilé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn náà lè wọ inú rẹ̀.

Inú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé ni kí owó wọ̀, kó má wọ ti ẹ́jẹ́ǹtì. Ìwé àdéhùn náà gbọ́dọ̀ ní sọ́fè lẹ́yìn, kí gbogbo aṣojú ìdí-igi àti olórí ẹbí buwọ́ lù ú, kí àwọn ẹlẹ́rìí sì wà ní ìhà méjèèjì. Bí ẹnì kan nínú yín kò bá mọ ìwé kà, kí wọ́n kà á fún un, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kó tó tẹ̀ka, kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìwé náà.

Bí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olùtajà tó sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni onílé tuntun, kí ẹ sì mọ ìgbà tí owó tí wọ́n ti san máa tán. Títà ilé kò lé ayálégbé jáde. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, nítorí náà ẹ ti ka oṣù wọ̀nyẹn mọ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó ẹrù yín wọlé.