Bí Ẹ Ṣe Lè Jàǹfààní Iṣẹ́ Apòògùn Nígbà Tí Ọkàn Kò Bá Lágbára Mọ́

Nígbà tí dókítà bá sọ pé ọkàn ẹnì kan kò lágbára mọ́, kì í ṣe pé ọkàn náà ti dákẹ́. Ó ṣì ń lù, àmọ́ kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó bí ara ṣe ń fẹ́. Omi á wá máa gbára jọ: ọrùn ẹsẹ̀ á wú, ikùn á máa le, èémí á máa há lálẹ́ débi pé èèyàn á fi irọ̀rí méjì mẹ́ta gbé ara sókè kó tó lè sùn. Oògùn wà fún un, wọ́n sì dáa gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, ìwọ̀n kékeré ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n sì lè ta ko oògùn mìíràn téèyàn ń lò.

Iṣẹ́ apòògùn nìyẹn. Mi ò sọ nípa kó ka hóró oògùn sínú ọ̀rá fúnni nìkan o. Apòògùn tó ń bá dókítà àti nọ́ọ̀sì tọ́jú aláìsàn ni mò ń sọ. Ní ọdún 1999, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi apòògùn kún àwọn tó ń tọ́jú apá kan lára àwọn aláìsàn ọkàn 181. Lára àwọn tó ní apòògùn, ẹni 4 ló kú tàbí tí àìsàn ọkàn tún gbé dé. Lára àwọn yòókù, ẹni 16 ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi apòògùn ní nǹkan kan ju iye ìgbà tí wọ́n máa lo oògùn lójúmọ́ lọ. Bí ẹ ṣe lè gba púpọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn.

Ẹ kó gbogbo oògùn lọ bá a

Ẹ má ṣe kọ orúkọ wọn sórí ìwé nìkan. Ẹ kó páálí àti ìgò wọn gan-an dání: èyí tí dókítà kọ, èyí tí ẹ rà fúnra yín, ẹ̀kán ojú, fítámì, egbòogi, títí kan èyí tí ẹ ti pa tì. Apòògùn á tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì bi yín pé, "Báwo lẹ ṣe ń lo èyí?" Ibi tí àṣírí ti ń tú nìyẹn. Ó lè bá páálí méjì tí orúkọ tó wà lára wọn yàtọ̀ síra, tó sì jẹ́ oògùn kan náà ló wà nínú méjèèjì, tí aláìsàn sì ń gbé méjèèjì mì láràárọ̀. Tàbí kó rí i pé wọ́n ti kọ oògùn ọkàn tó jẹ́ sacubitril pẹ̀lú valsartan fún ẹni tí enalapril, oògùn ọkàn míì, ṣì wà nílé rẹ̀. A kì í lo méjèèjì pọ̀: ó kéré tán, wákàtí 36 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà téèyàn lo enalapril gbẹ̀yìn àti ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ èkejì, torí pé ojú, ètè àti ahọ́n lè wú lójijì débi tí èémí á fi dí.

Ẹ sọ òótọ́ fún un. Bí ẹ kì í bá lo oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Apòògùn tó mọṣẹ́ kò ní bá yín wí. Ó mọ̀ pé furosemide, ìyẹn oògùn kan tó ń mú kéèyàn tọ̀, sábà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wákàtí kan, tí agbára rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 6. Á bá yín wo bí ẹ ṣe lè sún àkókò rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, dípò kí ẹ máa fò ó.

Ẹ béèrè iṣẹ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń tú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún inú rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, ọ̀wọ́ oògùn mẹ́rin ló ń mú kí ẹ̀mí gùn. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, bíi enalapril tàbí sacubitril pẹ̀lú valsartan. Èkejì ń dín eré ọkàn kù, bíi bisoprolol tàbí carvedilol. Ẹ̀kẹta ni spironolactone tàbí eplerenone. Ẹ̀kẹrin ni dapagliflozin tàbí empagliflozin, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àtọ̀gbẹ, àmọ́ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ kódà bí èèyàn kò bá ní àtọ̀gbẹ. Furosemide kò sí lára àwọn mẹ́rin yìí: ó ń fa omi kúrò lára, ó sì ń mú ìtura wá, ṣùgbọ́n kò tíì hàn pé ó ń mú ẹ̀mí gùn bíi tiwọn.

Ẹ wá bi apòògùn pé: "Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mò ń lò? Kí ló dé tí èyí tó kù kò sí níbẹ̀?" Ìdí gidi lè wà, bíi kíndìnrín tí kò ṣe dáadáa. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n gbàgbé.

Ẹ bá a tọpa ìwọ̀n oògùn

Lójú tèmi, ibí gan-an ni apòògùn ti ń gba ẹ̀mí là jù. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n tó yẹ kéèyàn dúró sí. Bisoprolol, bí àpẹẹrẹ, sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 1.25, wọ́n á sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, títí tó fi máa dé 10 bí ara bá gbà á. Àìmọye èèyàn ló ń lo 1.25 yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún torí pé kò sẹ́ni tó padà wò ó.

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní STRONG-HF, tó jáde ní ọdún 2022, wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé oògùn apá kan lára wọn dé ìwọ̀n kíkún láàárín ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò léraléra. Láàárín ọjọ́ 180, ìdá 15.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú tàbí tí ọkàn tún dá padà sí ilé ìwòsàn. Lára àwọn tí wọ́n tọ́jú bí ìṣe àtẹ̀yìnwá, ìdá 23.3 ni.

Kí wọ́n tó gbé ìwọ̀n sókè, apòògùn á ka bí ọkàn ṣe ń lù, á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, á sì wo èsì àyẹ̀wò kíndìnrín àti ti pòtásíọ̀mù, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí pòtásíọ̀mù bá ju 5.5 (mmol/L) lọ, wọ́n sábà máa ń dín spironolactone kù sí ìdajì, torí pé ó ń mú kí pòtásíọ̀mù pọ̀ sí i. Bó bá ju 6.0 lọ, wọ́n á dá a dúró. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, òfin gba apòògùn láyè láti yí ìwọ̀n padà fúnra rẹ̀. Níbòmíràn, dókítà ló máa fọwọ́ sí ohun tó bá dábàá. Bó ti wù kó rí, ẹ béèrè pé: "Ìwọ̀n wo là ń lé bá, ìgbà wo la tún máa gbé e sókè?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bi í kí ẹ tó ra oògùn míì

Ibuprofen, diclofenac àti naproxen ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sá fún. Wọ́n ń mú kí iyọ̀ àti omi dúró sí ara, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára. Ìrora orúnkún lásán lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé èèyàn padà sórí ibùsùn. Paracetamol ló sábà máa ń dára jù, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń hó nínú omi, torí sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Oògùn imú dídí tí pseudoephedrine wà nínú rẹ̀ ń mú ọkàn sáré. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń dín iyọ̀ kù náà ńkọ́? Pòtásíọ̀mù ló sábà wà nínú rẹ̀, ewu sì ni fún ẹni tó ń lo spironolactone.

Ẹ máa wọn ara yín

Láràárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ gun òṣùwọ̀n kí ẹ sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Bó bá fi ju kílógíráàmù 2 lọ sókè láàárín ọjọ́ 3, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú yín lọ́jọ́ náà.

Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ àìlera

Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú yín, tí omi ń tán lára, àwọn oògùn kan lára èyí tí ẹ ń lò lè pa kíndìnrín lára. Ẹ ní kí apòògùn kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ṣáájú: èyí tí ẹ máa dá dúró, ìgbà tí ẹ máa padà sí i, ẹni tí ẹ máa pè. Ẹ má dédé dá èyí tó ń dín eré ọkàn kù dúró fúnra yín. Bí àyà bá ń dun yín, tí ẹ dá kú, tí ojú tàbí ahọ́n ń wú, tàbí tí ẹ kò lè mí bí ẹ tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má dúró de apòògùn; ẹ kọjá sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ẹ má fi í sílẹ̀

Ìwádìí míì tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2007, kàn mí lára. Fún oṣù 9, apòògùn ń tẹ̀ lé àwọn aláìsàn kan pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì lo ìdá 78.8 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tó yẹ kí wọ́n lò. Àwọn tí kò ní irú ìrànlọ́wọ́ yẹn lo 67.9. Nígbà tí wọ́n dá ìrànlọ́wọ́ náà dúró, kò ju oṣù 3 lọ tí ìyàtọ̀ yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Nítorí náà, ẹ má jáde lọ́dọ̀ apòògùn láìmú ọjọ́ tí ẹ máa tún rí ara yín. Bí wọ́n bá ń gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ gba àkọsílẹ̀ oògùn àti ìwọ̀n wọn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi lé apòògùn tó wà níbi tí ẹ ń lọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.