Owó tí mo ná kí n tó wo ẹ̀yìn táyà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó dànù lórí táyà yìí. Mo sanwó áláímẹ́ǹtì, mo sanwó báláǹsì, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Kòtò ló fà á. Mo já sí i lóru, ó dún gbàà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo táyà iwájú: kò jò, kò ya, rímù kò tẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ń bá tèmi lọ. Àṣé ojú ìta nìkan ni mo wò. Ọjọ́ kejì ni sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹni tó ṣe báláǹsì tú táyà náà sílẹ̀, ó yí i lórí ẹ̀rọ, kò sọ nǹkan kan, ó tún dè é padà.

Ni mo bá ní kí n tú u wò fúnra mi. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin gbà, ìkarùn-ún kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rọ ni ọ̀gá yẹn fi dè é, ó sì dè é bí ẹni pé wọn ò ní tú u mọ́ láyé. Èmi náà jẹ̀bi: mo ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti tẹ sípánà, táyà á bá a yí. Mo fa háńbúréèkì títí, ó ń yí síbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni tèmi ń dì mú.

Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Mo da ọ́ìlì sí nọ́ọ̀tì, mo sùn, mo jí. Kò mira. Mo ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn sí i, mo gun orí rẹ̀, mo ń fò bí ọmọdé. Àwọn ará àdúgbò ń wò mí. Ó ṣáà dún kàù, ó tú! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Mo yí táyà padà, gẹ̀gẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, ó tó ìdajì ẹyin. Ìdí nìyí: okùn tó wà nínú ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń gbé ẹrù. Kòtò ti fún un mọ́ rímù, okùn já, afẹ́fẹ́ ń ti rọ́bà lásán jáde. Bó bá jẹ́ pé ó wọ inú díẹ̀ ni, mi ò ní dààmú, ibi tí okùn ti pàdé lè rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wú síta ni kò ní àtúnṣe.

Fọkanáísà tí mo gbé e lọ bá ní, “Ọ̀gá mi, ẹ má ṣèyọnu, a máa ju túùbù sí i ni.” Mo ní túùbù lè di afẹ́fẹ́ mú, ṣé ó lè so okùn tó já? Ó rẹ́rìn-ín. Ká ní ìṣó ló gún ojú táyà, tí ihò rẹ̀ ò ju mìlímítà 6 lọ, tí kò sì sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, ǹ bá jẹ́ kó lẹ̀ ẹ́ láti inú.

Mo wá ní kí n fi táyà tó wà nínú búùtù rọ́pò rẹ̀. Ojú rẹ̀ jìn, kò tíì kan títì rí. Mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, kò sí ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. 1411: ọ̀sẹ̀ 14, ọdún 2011. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán káàkiri bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Táyà méjì ni mo rà. Sítíárìn dákẹ́. Nọ́ọ̀tì karùn-ún yẹn ti bó lórí, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ti àtijọ́ wà lápò mi, mo ń gbé e lọ bá ọ̀gá báláǹsì lọ́jọ́ tí mo bá tún gba ibẹ̀ kọjá.