CyaA mi ò bẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rárá, kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. CyaA ni mò ń bá ṣiṣẹ́, toxin tí Bordetella pertussis ń tú síta, kòkòrò tó ń fa ikọ́ burúkú àwọn ọmọdé yẹn. Inú E. coli ni mo ti ṣe é, mo fi yúríà 8 M yọ ọ́, gel mi mọ́ dáadáa. Mo wá dialyse ẹ̀ (mo fi àpò awọ yọ yúríà kúrò díẹ̀díẹ̀) sínú PBS, omi iyọ̀ tó ní phosphate, mo sì fi EDTA, kẹ́míkà tó ń di kálísíọ́mù mú, sí i kí protease, enzyme tó ń gé protein, má bàa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dà á sórí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á kàn jókòó sísàlẹ̀ tube, omi òkè á mọ́ gaara.

Ìdáhùn: Àbúrò, EDTA yẹn ló pa á. Toxin yìí kì í ká nínú bakitéríà, torí kálísíọ́mù inú ibẹ̀ ò ju bíi 100 nM lọ, bí okùn tí wọ́n tú sílẹ̀ ló ṣe ń gba ihò type I, ọ̀nà tí bakitéríà ń gbà tú protein síta, jáde, ìdí ẹ̀ (ìparí okùn protein náà, C-terminal) ló máa kọ́kọ́ yọ, ìgbà tó bá dé ìta tí kálísíọ́mù ti lé ní 1 mM ni ìdí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí ká, èyí tó bá sì ti ká ò lè padà wọlé mọ́, á máa fa ìyókù jáde. Àwọn RTX repeat tó wà níbẹ̀, ìyẹn apá kéékèèké tó ń tún ara wọn ṣe, bíi 40, ni wọ́n ń di kálísíọ́mù mú, EDTA sì ń já a gbà lọ́wọ́ wọn.

Fi PBS náà sílẹ̀ jàre, phosphate ẹ̀ lè bá kálísíọ́mù dì. Buffer HEPES, NaCl 150 mM, CaCl2 2 mM tó. Má sì dialyse mọ́, ó máa ń lẹ̀ pọ̀ tí yúríà bá ń dín díẹ̀díẹ̀. Fi í sínú yúríà 8 M, kó o tú díẹ̀ tààrà sínú sẹ́ẹ̀lì tí kálísíọ́mù ti wà níbẹ̀, yúríà kan náà ni kó o fi sí control, tube tí kò ní toxin.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé ọ̀gá. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, apá enzyme tó wà lára CyaA ń ṣiṣẹ́ tí mo bá fi calmodulin, protein tó ń jí i, sí i, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ò tíì bẹ́ o.

Ìdáhùn: Ìyẹn ò sọ nǹkan kan nípa bóyá ìparí okùn ẹ̀ ti ká. Enzyme yẹn wà ní nǹkan bíi 400 amino acid àkọ́kọ́ nínú 1706, ó lè dá ká fúnra ẹ̀. Ṣé o fi CyaC, enzyme kejì tí Bordetella ní, sínú E. coli ẹ pẹ̀lú ẹ̀? Òun ló ń lẹ ọ̀rá mọ́ lysine 860 àti 983, láìsí i proCyaA lásán, ìyẹn CyaA tí kò ní ọ̀rá, lo ní, kò lè bẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Tí CyaC bá wà, ní sùúrù, CyaA ò yára bíi HlyA, toxin E. coli tó jọ ọ́, fi í sí 37°C fún wákàtí mélòó kan kó o tó ka OD, ìyẹn bí omi òkè ṣe pọ́n tó. Tube kan ní kálísíọ́mù, ìkejì ní EDTA, ti kálísíọ́mù nìkan ló yẹ kó pọ́n.