Ẹ gbin èsúrú sẹ́yìn ilé yín

Ẹ wo Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo: iṣu funfun àti ewùrà kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè rìn títí kẹ́ ẹ tó rí èsúrú. Kò ṣeé tọ́jú ni. Bí a bá wa á lónìí, tó bá fi di ọ̀la, ó ti ń le. Tó bá wá pẹ́ sí i, iná yòówù tẹ́ ẹ dá sí i, kò ní rọ̀ mọ́. Ta ni yóò ru irú ẹ̀ lọ sọ́jà? Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé gan-an ni ibùgbé rẹ̀, níbi tí ebè kò ti jìnnà sí ààrò.

Wọ́n ń pòwe pé èsúrú ṣe fújà, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán. Ó máa ń dùn mí. Odó kọ́ la dá a fún. Purotéènì inú rẹ̀ ju ti iṣu funfun lọ!

Ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń jẹ èsúrú tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gba èbù. Ẹ má lọ hú ti inú igbó o: májèlé wà nínú rẹ̀, ojú lásán kò sì ṣeé fi dá a mọ̀. Èyí tó ti le tí kò ṣeé jẹ mọ́ ṣì máa ń hù, ẹ má kọ̀ ọ́.

Kékeré tó wà lódindi, mi ò kí ń gé e. Bí mo bá gé ńlá, mo máa ń rí i pé èèpo wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni yóò ti hù. Mo ń fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e, mo sì ń tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji kó gbẹ. Ilẹ̀ Òkè-Baálẹ̀ tí mo ń gbé le, ó sì lókùúta wẹ́wẹ́, nítorí náà mo ń kọ ebè dé orúnkún, mo ń po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn. Ebè sí ebè, mítà kan. Bí òjò oṣù kẹta bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ ri èbù, kẹ́ ẹ fi koríko gbígbẹ bo orí ebè, kí oòrùn má bàa sè é mọ́lẹ̀.

Ewé mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń jọ yọ lójú kan. Ìtàkùn rẹ̀ lẹ́gùn-ún; ẹ jẹ́ kó gun fẹ́ǹsì, níbi táwọn ọmọ kì í gbà sáré. Ẹ máa ro ìdí rẹ̀.

Bí ewé bá ti pọ́n, bí oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, ẹ kọ́kọ́ gbé omi kaná. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, torí òṣùṣù ló ń ta, kì í jìn. Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́jọ́ náà nìkan ni kẹ́ ẹ wa. Ẹ sè é tèèpo-tèèpo, kẹ́ ẹ tó bó o, kẹ́ ẹ fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò dé, láti fi ṣe èbù ọdún tó ń bọ̀.