Bund wall tánkì dísẹ́ẹ̀lì: àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi mí ṣáá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹ́rétọ̀ ńlá ní Olúyọ̀lé, Bódìjà àti Ring Road nÍbàdàn, ọ̀rọ̀ ògiri tá a mọ yí tánkì ká nìyí, èyí tí ò ní jẹ́ kí epo ṣàn lọ tí tánkì bá jò.

Báwo ló ṣe yẹ kó gbà tó?
Gbogbo epo inú tánkì tó tóbi jù níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 10% lé e. Tánkì 5,000 lítà, inú ògiri ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba 5,500 lítà.

Òjò ti kún inú ẹ̀, ṣé ká ṣí fáàfù tómi ń gbà jáde lára ògiri?
Ẹ wo ojú omi ná. Tó bá ń dán lóríṣiríṣi àwọ̀, epo ti wà níbẹ̀, ẹ má ṣí i. Tó bá mọ́, ẹ ṣí i, ẹ dúró tì í, ẹ tì í padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í padà!

Tánkì ò jò, ògiri ò sán, kí ló dé tílẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ń rùn epo?
Háà, eléyìí fojú mi rí nǹkan níléeṣẹ́ kan. Bíríkìlà rẹ́ ẹ títí, tó bá ṣe díẹ̀ ilẹ̀ á tún dúdú, wọ́n ti ń fura sí dírẹ́bà tó ń gbépo wá. Mo ní kí wọ́n gbọ́n inú ẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, ká pọn omi mímọ́ kún un, ká fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sójú omi, ká gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú oòrùn kan náà, ká sàmì sí tòun náà, torí oòrùn á fa méjèèjì. Nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ò fi bẹ́ẹ̀ dín, ti inú ògiri ti lọ sílẹ̀ dáadáa, ó wá dúró gẹ́lẹ́ níbi tí páìpù ti gba inú ògiri kọjá. Ibẹ̀ ni! Jẹnẹ́rétọ̀ ń gbọ̀n, páìpù ń bá a gbọ̀n, símẹ́ńtì ò lè bá irin rìn, ó ń là yí páìpù ká, epo tó bá kán sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ á sì bá omi òjò gbabẹ̀ jáde. Símẹ́ńtì tuntun ò lè wo irú ẹ̀ sàn. A yọ páìpù yẹn, a fi kọnkéré dí ihò ẹ̀, a gbé páìpù gba orí ògiri, a fi họ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ sẹ́bàá jẹnẹ́rétọ̀. A tún dán an wò, kò jò mọ́.

Ṣé a lè ṣe é fúnra wa?
Ẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì dán an wò. Ẹ má pe wẹ́dà àdúgbò síbi páìpù tépo ti kọjá o, ooru epo inú ẹ̀ lè gbiná, ẹ pe ẹnjiníà tó mọṣẹ́ tánkì.

Omi kànga wa ti ń rùn dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́?
Ẹ má mu ún, sísè ò lè yọ ọ́. Ẹ kìlọ̀ fáwọn tẹ́ ẹ jọ ń pọn ọ́n, kẹ́ ẹ fi tó NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ epo tó bá dà sílẹ̀, tàbí àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká ní Sẹkitéríàtì létí lọ́jọ́ náà gan-an.