Ẹ Yé Fi Owó Ṣòfò Torí Orúkọ Perlman

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó àwọn Júù Ìlà Oòrùn Yúróòpù, ojú mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nídìí rẹ̀. Àwọn oníbàárà tuntun tó ń jẹ́ Perlman, tí wọ́n ń wá orírun ìdílé wọn, á ti náwó tán kí wọ́n tó wá béèrè ọ̀rọ̀.

1. Ẹ má ra asà ìdílé. Ẹni tó ń tà á á kàn ya kìnnìún síbẹ̀, á kọ Perlman sí i nídìí, á sì gbowó lọ́wọ́ yín.

2. Ẹ má sọ pé oníṣòwò péálì ni baba ńlá yín. Orúkọ obìnrin ni Perl láàárín àwọn tó ń sọ Yiddish, èdè àwọn Júù wọ̀nyí. Ọkọ Perl, tàbí ará ilé Perl, ni wọ́n ń pè ní Perlman, bí Rivkin ṣe wá láti ara Rivka. Ẹni tó bá gbé àdúgbò tí wọ́n ti ń pe ọkùnrin ní Ọkọ Ìyá Alákàrà á tètè lóye rẹ̀.

3. "Ṣé ẹbí wa ni Itzhak Perlman?" Háà! Oníbàárà kan gbé àwòrán ìran rẹ̀ wá, ó ti fi gíláàsì bò ó, ó so ara rẹ̀ mọ́ gbajúgbajà onífáolíìnì náà. Mo ní ìlú wo ni bàbá àgbà rẹ̀ ti wá. Ó ní Rọ́ṣíà. Ṣé ìlú ni Rọ́ṣíà ni? Láyé ìgbà yẹn, abẹ́ Rọ́ṣíà ni Minsk, Odessa àti Warsaw wà!

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn Júù ibẹ̀ kò ní orúkọ ìdílé tí kì í yí padà, àfi ìgbà tí ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó san owó orí àti ẹni tí wọ́n lè mú wọ iṣẹ́ ológun. Ọ́síríà pàṣẹ rẹ̀ ní 1787, Rọ́ṣíà ní 1804, Prussia ní 1812. Perl sì pọ̀ káàkiri, nítorí náà ìlú yìí ní Perlman tirẹ̀, ìlú tọ̀hún ní tirẹ̀. Ẹ wo Rhea Perlman àti Ron Perlman, òṣèré ni àwọn méjèèjì, New York ni wọ́n ti bí wọn, síbẹ̀ wọn ò bá ara wọn tan. Grigori Perelman, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Leningrad, kọ ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là ní 2010. Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá ẹbí lè gba owó náà.

Perelman àti Perlman, orúkọ kan náà ni. Ẹ wá orúkọ méjèèjì nínú ìwé.

Ìtàn pé akọ̀wé Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ń ṣí wọ Amẹ́ríkà ní New York láyé ọjọ́un, ló yí orúkọ bàbá àgbà yín padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Ìwé orúkọ èrò tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá ni wọ́n ń wò. Àwọn tó dé fúnra wọn ló sábà máa ń yí i lẹ́yìn náà.

Ẹ má tíì ra àyẹ̀wò DNA. Àárín ara wọn ni àwọn Júù wọ̀nyí ti ń fẹ́ra fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún "ìbátan" ló máa jáde, ẹ ò sì ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa dì mú. Ẹ kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò òkúta ibojì bàbá àgbà. Wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ bàbá òkú sára rẹ̀ ní èdè Hébérù, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀.