Bí A Ṣe Ń Yan Ìwé Tuntun fún Àgbà àti fún Ọmọdé

Ìwé tó ti pẹ́ lórí àtẹ ní ẹlẹ́rìí, nítorí a lè bi ẹni tó ti kà á bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á ni a kọ́kọ́ ń gbọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń wá ìwé tuntun mọ bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ kí ó tó mú un lọ sílé, yálà ó fẹ́ rà á ni tàbí ó fẹ́ yá a ní ilé ìkàwé.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìwé náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde a máa fún ìwé àtijọ́ ní èèpo tuntun, pàápàá bí wọ́n bá ti fi ìtàn inú rẹ̀ ṣe fíìmù. Ẹ ṣí ojú-ìwé tí a kọ àkọlé sí, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọdún tí ìwé kọ́kọ́ jáde sí. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan níbẹ̀ tó lọ láti 10 sí 1. Nígbàkigbà tí a bá tún ìwé náà tẹ̀, a máa ń yọ èyí tó kéré jù kúrò, nítorí náà èyí tó kéré jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù ni ó ń sọ iye ìgbà tí a ti tẹ ìwé náà. Bí 1 bá ṣì wà níbẹ̀, ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni ó wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ pé 4 ni ó kéré jù, a ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀ káàkiri àgbáyé, ṣì yín lọ́nà, nítorí pé ìwé kan ṣoṣo lè ní ISBN ọ̀tọ̀ fún eléèpo líle, ọ̀tọ̀ fún eléèpo rírọ̀, àti ọ̀tọ̀ fún èyí tí a ń kà lórí ẹ̀rọ. Láti ọdún 2007 ni ISBN ti di oní-nọ́ńbà 13. Bí 10 péré bá ni ẹ rí nínú ìwé kan, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ti wà ṣáájú ìgbà náà. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé tí a túmọ̀, ẹ wo ọdún tó kọ́kọ́ jáde ní èdè tí a fi kọ ọ́, torí pé ó lè ti tó ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Èyí kò bà á jẹ́. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ̀ ni.

Ní ti ìwé àgbà, ẹ fi ìṣọ́ra ka ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kí ìwé tó jáde, ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́, ìgbà mìíràn sì wà tí ìyìn náà kì í ṣe ti ìwé yìí rárá bí kò ṣe ti èyí tí òǹkọ̀wé náà kọ tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, n kì í ka ẹ̀yìn ìwé ìtàn ọ̀daràn rárá, nítorí wọ́n máa ń tú àṣírí tó yẹ kí n fúnra mi wá. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ ka ojú-ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì ṣí àárín ìwé náà, kí ẹ ka méjì sí mẹ́ta níbẹ̀. Gbogbo òǹkọ̀wé ló ń tún ojú-ìwé àkọ́kọ́ ṣe títí yóò fi dán. Àárín ni a ti ń mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ kò rọ̀.

Bí ìwé náà kò bá jẹ́ ìtàn àròsọ, ẹ wo atọ́ka ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi tí òǹkọ̀wé ti sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ìwé ìlera, òfin tàbí ẹ̀rọ, ọjọ́ tó jáde ṣe pàtàkì púpọ̀; fún ìwé ìtàn ìgbà àtijọ́, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ohun tí ó mú wá tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò ní. Ẹni tí kò kánjú lè dúró de eléèpo rírọ̀, tó sábà máa ń tẹ̀ lé eléèpo líle lẹ́yìn bí ọdún kan, tí owó rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́.

Ìwé ọmọdé ló gba sùúrù jù. Ọjọ́-orí tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe òfin. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ wá èyí tí ewé rẹ̀ nípọn bíi páálí, tí igun rẹ̀ kò sì mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé alàwòrán, tó sábà máa ń jẹ́ ojú-ìwé 32, nítorí bí a ṣe ń ká abala bébà ńlá ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ẹ sì wo àwòrán nìkan: bí ìtàn bá ṣì ń lọ, ayàwòrán náà mọ iṣẹ́. Ẹ wo ìgbà tí a ń ṣí ewé pẹ̀lú, bóyá ìbéèrè wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé ọ̀tún, tí ìdáhùn sì ń dúró ní òdìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè, nítorí gbólóhùn tó ń mú ahọ́n yín kọsẹ̀ lónìí yóò máa mú un kọsẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, ìyẹn sì lè pẹ́.

Fún ọmọ tó ti ń kàwé fúnra rẹ̀, ẹ ní kí ó ka ojú-ìwé kan, kí ó máa na ìka kan sókè fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka kò bá ju mẹ́ta lọ, ìwé náà bá a mu. Bí ó bá pé márùn-ún, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á fún un.

Àmì-ẹ̀yẹ náà wúlò, bí ẹ bá mọ ohun tó ń sọ. Newbery, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1922, wà fún òǹkọ̀wé. Caldecott, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1938, wà fún ayàwòrán. Ìwé tó jáde ní ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ń fún, nítorí náà ẹ má retí rẹ̀ lára èyí tó jáde lọ́sẹ̀ yìí. Àmì-ẹ̀yẹ Hans Christian Andersen ní tirẹ̀ wà fún gbogbo iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe, kì í ṣe fún ìwé kan, kò sì fi hàn pé èyí tó kọ kẹ́yìn dára.

Bí ọmọ bá gbé ìwé náà sílẹ̀ lẹ́yìn ojú-ìwé díẹ̀, ẹ má fi ipá mú un. Ẹ fi í sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì tún fi lọ̀ ọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.